Ṣé O Mọ̀? Ẹdẹ, Ìlú Tí Ọjọ́ Ìsìn Jẹ́ Mẹ́ta

Ṣé o mọ̀ pé ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni àwọn èèyàn fi ń lọ sílé ìsìn? Jímọ̀ ni ti àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ jù nílùú. Bí oòrùn ọjọ́ náà bá ti wọ̀ báyìí, Sábáàtì ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Adeleke, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Adventist tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011, kò sì ní parí títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Tó bá di Sọ́ńdè, ó kan Onítẹ̀bọmi, Áńgílíkà, Àpọ́sítélì àti Ìràpadà. Inú mi máa ń dùn sí i. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ariwo nìkan kò tó fi ṣe ẹ̀sìn. Aládùúgbò tí kò bá ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìwà rẹ láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè.

Ṣé o mọ̀ pé Onítẹ̀bọmi ni Tìmì, ìyẹn ọba Ẹdẹ, John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tó jọba láti ọdún 1946 títí di 1975? Ọba yìí kan náà mọ ìlù lù bí ọmọ Àyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àpilẹ̀kọ nípa ìlù ilẹ̀ Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù lọ́dún 1959. Ọdún yẹn náà ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ti gbé Ẹdẹ rí, tẹ ìwé jáde lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nílùú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Láoyè kò sá fún ọdún Ṣàngó. Bàbá gbogbo ìlú ni ọba.

Ṣé ó tọ́ kí Onígbàgbọ́ ṣe bẹ́ẹ̀? Inú Bíbélì ni ìbéèrè yìí ti wá. Ka Àwọn Ọba Kejì, orí karùn-ún. Náámánì ti rí ìwòsàn, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé Olúwa nìkan lòun yóò máa rúbọ sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ́ lóminú: ọba Síríà a máa fara ti apá rẹ̀ wọ ilé òrìṣà Rímónì, òun náà a sì ní láti tẹrí ba níbẹ̀. Wòlíì Èlíṣà kò bá a jà, kò ka òfin sí i létí. Ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ ìwàásù ni mo ti gbọ́ lórí bí Náámánì ṣe wẹ̀ nígbà méje ní Jọ́dánì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé ibi yìí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyàwó ilé àti ọba.

Ìlù tí Tìmì fẹ́ràn yìí dá awuyewuye sílẹ̀ ní Òṣogbo tó múlé ti Ẹdẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládípọ̀ gbé dùndún wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, àwọn àgbà ìjọ sì fárí gá. Ó gbé orin rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So, eré tí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà Iná, ẹni tó tẹ Ẹdẹ dó, wà nínú rẹ̀. Ní 1964 wọ́n ṣe é ní Berlin. Lónìí, wá ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní gángan fún mi nílẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ọba àti ẹ̀sìn ní Ẹdẹ kò bẹ̀rẹ̀ lórí Láoyè. Ṣáájú rẹ̀, ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Tìmì Abíbù Lágúnjú ti jọba ní Ẹdẹ, ẹni tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọba Yorùbá àkọ́kọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí.

Kì í ṣe Ẹdẹ nìkan ni ẹ̀sìn méjèèjì ti ń pàdé. Ṣé o tún mọ̀ pé àlùfáà Kristẹni, M. S. Cole, ló túmọ̀ Kùránì sí èdè Yorùbá, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1906? Bíbélì Yorùbá lódindi, tí Ajayi Crowther ṣiṣẹ́ lé lórí, ti wà láti 1884.

Ká padà sí Ẹdẹ, wo ìdílé Adeleke. Mùsùlùmí ni bàbá, Sẹ́nétọ̀ Raji Ayoola Adeleke; Onígbàgbọ́ ọmọ Ìgbò ni ìyá, Esther. Ọmọ wọn Isiaka, tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́dún 1992, ìlànà Ìsìláàmù ni wọ́n fi sin ín ní 2017. Ọmọ wọn Deji ló dá yunifásítì Adventist yẹn sílẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ẹdẹ: ẹran iléyá ń dé ilé Onígbàgbọ́, ìrẹsì Kérésì ń dé ilé Àlàájì.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò lè fò. Yunifásítì Redeemer's, ti ìjọ Ìràpadà, wà ní Ẹdẹ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ACEGID, ilé ìwádìí inú ọgbà náà, ka àbùdá kòkòrò kòrónà tí wọ́n rí lára ẹni tó kọ́kọ́ kó o wọ Nàìjíríà. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí ibòmíràn ní Áfíríkà tó ṣe é. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ síta kí gbogbo ayé lè lò ó. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí fi wà ní títì, ilé ìwádìí náà wà lára ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn ará Ọ̀ṣun wò, wọn kò sì béèrè ilé ìsìn tí ẹnikẹ́ni ń lọ.