Ife Ọdún 1980: Bí Etí Ṣe Ń Rántí Ohun Tí Ojú Kò Rí

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí nìyí: kí ló fà á tí ìṣẹ́gun bọ́ọ̀lù kan fi ń dùn mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ wá sí Mowe tàbí Ìbafọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Àwọn ọ̀dọ́ á ti kún ilé ìwòran, àwọn kan ń ṣe ti Arsenal, àwọn kan ń ṣe ti Chelsea. Àwọn àgbà tó jókòó síta á wá dá wọn lóhùn: “Ẹ̀yin ò tíì rí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ bá ti wà láyé lọ́dún 1980!” Bẹ́ẹ̀ náà ni mo gbọ́ ọ n'Ífọ̀, nítòsí ojú irin. Èyí ò yà mí lẹ́nu, torí púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí, Mushin, Súrùlérè àti Ebúté-Mẹ́ta ni wọ́n ti kó wá nígbà tí owó ilé le l'Ékòó. Bí wọ́n ṣe ń kẹ́rù bọ̀ ni wọ́n ń kó ìrántí bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ wa ló gbàlejò Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún náà, l'Ékòó àti n'Íbàdàn. Green Eagles la ṣì ń pe ikọ̀ wa. Ọdún 1988 ló tó di Super Eagles. Otto Glória, ọmọ Brazil, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. A na Tanzania 3–1, a ta ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Ivory Coast, a na Íjíbítì 1–0. Felix Owólabí gbá ẹyọ kan sáwọ̀n Morocco, la bá wọ àṣekágbá. Ní Sátidé, ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Súrùlérè, a na Algeria 3–0. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì àkọ́kọ́ sáwọ̀n kí wọ́n tó lọ ìsinmi, ti ìṣáájú ní ìṣẹ́jú kejì péré. Muda Lawal fi ẹ̀kẹta lé e lẹ́yìn ìsinmi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gba ife náà nìyẹn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá tó ti parí ni, ìjọba alágbádá ò sì tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ wo bí ọkàn gbogbo ìlú ṣe ń wá nǹkan tí wọn yóò jọ yọ̀ sí.

Ó pẹ́ tí mo ti ń bi àwọn tó ń sọ ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Níbo lẹ wà lọ́jọ́ náà gan-an?” Ọ̀pọ̀ á ní inú pápá ni. Bí a bá wá ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀, á hàn pé ẹ̀gbẹ́ rédíò ni wọ́n wà, ní ìsọ̀ télọ̀, ní ilé ẹ̀kọ́, tàbí ní gáréèjì. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa o! Maurice Halbwachs, onímọ̀ ará Faransé, kọ̀wé lọ́dún 1925 láti fi hàn pé èèyàn kì í dá rántí; àárín ẹbí, ẹgbẹ́ àti àwùjọ la ti ń rántí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ, tí èmi náà tún sọ fún ẹlòmíì, bó pẹ́ bó yá, á di ohun tí mo fojú rí. Àwọn baba wa ti sọ èyí tipẹ́: bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn.

Ohùn rédíò ló wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ernest Okonkwo ni ọ̀gá àwọn tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ lórí Radio Nigeria nígbà náà. Kì í kàn pe orúkọ agbábọ́ọ̀lù lásán, á fún un lórúkọ tó bá ìwà rẹ̀ mu. Ọdẹ́gbàmí di “Mathematical”. Christian Chukwu, balógun ikọ̀, di “Chairman”. Adokiye Amiesimaka tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó di “Chief Justice”. Ẹ̀yin tí mo kọ́, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ: kí ni èyí bí kò ṣe oríkì? Oríkì kì í ro ẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Á kó ìwà èèyàn sínú gbólóhùn kúkúrú tí ahọ́n lè gbé dání. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti gbàgbé iye tí a fi na Tanzania ò fi lè gbàgbé “Mathematical”.

Àmọ́ ìrántí máa ń ṣa ohun tó wù ú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1981, Algeria padà wá s'Ékòó fún ìdíje àtilọ sí Ife Àgbáyé, wọ́n na wá 2–0. A lọ bá wọn nílé, wọ́n tún na wá 2–1. Àwọn ni wọ́n lọ sí Spain lọ́dún 1982, tí wọ́n na Jámánì níbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni níwájú ilé ìwòran dédé mẹ́nu ba 1981. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ayọ̀ bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára nìyí. Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, gbá bọ́ọ̀lù fún wa nínú ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà márùn-ún, láti 1976 dé 1984. Ó kú lọ́dún 1991, kò tíì pé ogójì ọdún. Pápá ìṣeré tó wà ní Àṣerò, l'Ábẹ́òkúta, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá bi àwọn ọmọ tó ń kọjá níbẹ̀ pé ta ni, orúkọ pápá nìkan ni wọ́n mọ̀. Best Ogedegbe, gólì wa, lọ ní 2009. Chukwu lọ ní 2025. Ẹni tó jẹ́ ogún ọdún lọ́jọ́ náà ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Bí àwọn náà bá lọ tán, àbájáde ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nìkan ló máa kù, àbájáde ò sì lè sọ bí ìlú ṣe dùn tó.

Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá rèé, kò sì sí máàkì fún un. Ẹ wá àgbà kan ní àdúgbò yín, ẹ tan fóònù yín kó máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ bi í léèrè: ta lẹ jọ gbọ́ ọ? Kí lẹ ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà? Ta ni ì bá jẹ́rìí sí i ká ní ó ṣì wà láyé? Ẹ má já a nírọ́ bó bá ní inú pápá lòun wà. Ẹ kàn jẹ́ kó sọ ọ́ dópin.