Ojú Tó Mọ Àdìrẹ: Ilé Iṣẹ́ Ọnà Níkẹ̀ẹ́ Kò Jìnnà sí Kpata

Bí ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kpata, létí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, bá rò pé Èkó nìkan ni òun ti lè rí ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà, kí ó kọjú sí ọ̀nà Kàbbà. Ní Ògìdì, ní Ìjùmú, ni ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ ọnà mẹ́rin tí Ìyáàfin Níkẹ̀ẹ́ Okundaye dá sílẹ̀ wà. Àwọn mẹ́ta yòókù wà ní Òṣogbo, Èkó àti Àbújá.

Ọmọ Ògìdì ni ìyáàfin yìí. Ọdún 1951 ni a bí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá tó bí ìyá-ńlá rẹ̀, ahunṣọ, ni ó tọ́ ọ, tí ó sì kọ́ ọ ní aṣọ híhun. Òṣogbo ni ó ti di àgbà nínú iṣẹ́ àdìrẹ. Ní 1983, ó dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá wọ ilé àfihàn rẹ̀, kí ó má ṣe kánjú. Ìyẹ́ adìyẹ ni a fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí a tó rì í sínú aró ẹ̀lú. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró. Ibẹ̀ ni ọnà ti ń yọ. A ó rì í, a ó sá a, a ó tún rì í, títí yóò fi dú. Ọnà kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ. Èyí tí à ń pè ní "Ìbàdàn dùn" ń ṣàfihàn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, pẹ̀lú ṣíbí láàrin àwọn òpó náà. Níkẹ̀ẹ́ gbé irú ọnà bẹ́ẹ̀ kúrò lára ìró, ó yà á sórí kánfáàsì, kí a lè gbé e kọ́ sára ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà lẹ́yìn odi gidigidi. Ayédèrú àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti kún ọjà, owó rẹ̀ kò sì tó ti àfọwọ́ṣe. Ọmọ tí a bí sí Lọ́kọ́ja, tí kò rí òmíràn, yóò gbà pé òun gan-an ni àdìrẹ. Ta ni yóò wá san owó ọ̀pọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ fún aláró? Àìmọ̀ oníbàárà ni í pa oníṣẹ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ náà kò fara sin: ìlà tí ọwọ́ fà kì í bára dọ́gba délẹ̀, ti ẹ̀rọ kì í yẹ̀.

Nítorí náà, nígbà ìsinmi ilé-ìwé, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí Ògìdì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá padà dé Kpata, tí ó lè pe ọnà kan ṣoṣo ní orúkọ rẹ̀, owó ọkọ̀ kò ṣòfò.