Ṣé O Mọ̀? Wáìnì Pupa Ilẹ̀ Faransé àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Mu Ún

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé ni kò yẹ ní títọ́jú pẹ́? Ìgò Bordeaux tàbí Côtes du Rhône tí owó rẹ̀ kò gani lára, láàárín ọdún méjì sí márùn-ún lẹ́yìn ìkórè ni adùn rẹ̀ wà. Bó o bá gbé e pamọ́ fún ogún ọdún, èso inú rẹ̀ á ti lọ, kíkan nìkan ni wàá bá níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé omi inú èso àjàrà dúdú kì í sábà pọ́n? Fún un sínú ife, kò ní àwọ̀. Èèpo ló ni àwọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èèpo sílẹ̀ nínú omi náà nígbà tó bá ń ho di ọtí. Èèpo yìí kan náà, pẹ̀lú kóró, ló ń fún ọtí ní tánìn, ohun tó ń mú ahọ́n gbẹ bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì. Tánìn wà lára ohun tó ń gbé wáìnì ró kó má tètè gbó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tánìn àti àwọ̀ á so mọ́ra, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó o rí níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ọtí bàjẹ́.

Ní Madiran, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, tánìn àjàrà tannat le débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Patrick Ducournau, tó ń ṣe wáìnì níbẹ̀, dá ọgbọ́n fífẹ́ ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀ sínú táńkì, kí ọtí náà lè tètè rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé aláṣẹ kan ti lé àjàrà kúrò nílùú rí? Ní 1395, Philippe, tó ń ṣàkóso Bourgogne, pàṣẹ pé kí wọ́n hú àjàrà tó ń jẹ́ gamay kúrò lórí ilẹ̀ òun. Àjàrà náà rí ibi dúró sí ní Beaujolais, lápá gúúsù. Lónìí, òun ni wọ́n fi ń ṣe Beaujolais Nouveau, tí wọ́n máa ń ṣí ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn ìkórè. Má ṣe tọ́jú ìyẹn rárá. Àmọ́ gamay kan náà, bó bá wá láti Moulin-à-Vent, ní Beaujolais, lọ́dún tí ìkórè dára, lè lo ọdún mẹ́wàá, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti Bourgogne olórúkọ. Lójú tèmi, òun àti Cahors tí wọ́n fi malbec ṣe ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó sì fẹ́ ní sùúrù yẹ kó kọ́kọ́ wá.

Ojú lè tanni jẹ ṣá. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Bordeaux tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n fi àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn sínú wáìnì funfun, wọ́n gbé e fún èèyàn 54, orúkọ èso pupa sì ni wọ́n ń fi júwe òórùn rẹ̀.

Síbẹ̀, ojú wúlò fún mímọ ọjọ́ orí ọtí. Bu wáìnì díẹ̀ sínú ife, tẹ ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lókè bébà funfun, kó o wo etí wáìnì náà, níbi tó ti fẹ́lẹ́ jù. Bó bá ní àwọ̀ àlùkò, ọmọdé ṣì ni. Bó bá ti ń pọ́n bíi bíríkì, ó ti dàgbà. Lẹ́yìn náà, mu ún, kó o dákẹ́ díẹ̀. Bí tánìn bá gbẹ ẹnu rẹ ṣùgbọ́n tí adùn èso ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó o gbé e mì, ó ṣì lè dúró. Bí gbígbẹ nìkan ló kù, kò sí ohun tí ò ń dúró dè.

Bí o bá ra páálí kan, ṣí ìgò kan, mu ìdajì, dé e padà, kó o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá dùn ju tàná lọ, tọ́jú ìyókù fún ọdún díẹ̀ sí i. Bí adùn rẹ̀ bá ti lọ, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kẹ́ ẹ mu wọ́n lọ́dún yìí.