Kí Ọmọ Ológbò Tó Wọlé, Kí Ará Ilé Ti Fohùn Ṣọ̀kan

Nínú gbogbo ẹran tí Yorùbá ń sìn, ti ológbò ni ó ta kókó jù. Ajá ní ipò tirẹ̀: ọdẹ mọ̀ ọ́n, Ògún mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ lè jẹ́ òwe tí olówó rẹ̀ fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ àti àgùntàn wà fún títà, fún ìnáwó àti fún ọdún. Ṣùgbọ́n ológbò, tí àwọn kan ń pè ní ológìnní, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní músù, kò sí nínú èyí tí a ń kà mọ́ ọrọ̀, síbẹ̀ inú yàrá gan-an ni ó ń sùn, nítòsí ìkòkò ọbẹ̀ àti lórí ẹní àwọn ọmọdé. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbèrò láti gba ọmọ ológbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ohun púpọ̀ láti rò, ìfẹ́ nìkan kò tó.

Eku ni ó mú ológbò dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Níbi tí a bá kó oúnjẹ jọ sí, eku yóò dé ibẹ̀; níbi tí eku bá sì wà, ológbò yóò tẹ̀lé e. Ní erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibojì kan tí wọ́n sin ènìyàn àti ológbò sí nítòsí ara wọn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ọdún 2004 ni wọ́n kéde rẹ̀. Àká àgbàdo àti àpò ẹ̀lùbọ́ ni ó so tiwa náà pọ̀. Àwọn àgbà sì ní bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Lóde òní, ọ̀rọ̀ èkúté ti kọjá ẹ̀lùbọ́ tí ó jẹ. Ọdún 1969 ni a dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà, ìwádìí tí ó tẹ̀lé e sì fi hàn pé eku ni ó ń gbé àrùn náà, tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń kó o ran oúnjẹ. Ológbò nìkan kò lè dá ìyẹn dúró o. Ìkòkò tí a dé dáadáa àti ilé tí a gbá mọ́ ni ó ṣáájú.

Nítorí pé iṣẹ́ eku ni a torí rẹ̀ gbà á, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò yẹ kí a bọ́ ológbò yó, kí ó má baà ya ọ̀lẹ. Irọ́ gbáà ni. Ológbò tí ó yó ṣì ń ṣọdẹ, nítorí ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni. Èyí tí ebi ń pa ni yóò ṣí ìkòkò, tí a ó nà, tí a ó sì sọ lórúkọ olè. Ẹran àti ẹja ni oúnjẹ rẹ̀. Èròjà kan wà nínú wọn tí ara rẹ̀ kò lè dá ṣe tó. Bí kò bá rí i, ojú àti ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Èbà tí a fi omi ọbẹ̀ rọ̀ kò lè tó ọ, pàápàá ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, nítorí àlùbọ́sà àti ááyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Wàrà màlúù tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti bù fún un sì máa ń ṣu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orí ẹja tí a sè láìní ata lójoojúmọ́ kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ológbò tí a tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 12 sí 18 láyé. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè gboyè jáde ní yunifásítì kí ológbò náà tó kú.

Owó kọ́ ni ó sì le jù. Òru ni. Ojú ológbò ń tàn nínú òkùnkùn, a kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, igbe rẹ̀ sì máa ń jọ ti ìkókó. Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ní ilé tí ìgbàgbọ́ yìí bá ti fìdí múlẹ̀, ológbò tí ó ké lóru, tí ara ọmọ kan sì gbóná ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ti di ẹlẹ́jọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá àgbà kan tí ń dá gbé ni ó ni ín, kì í ṣe ológbò nìkan ni a ó dá lẹ́jọ́. (Ẹni tí ó ti gbọ́ igbe yẹn rí ní abúlé tí kò ní iná kò ní bú ẹni tí ó sá.) Ohun tí ó ń fà á kò lọ́jú pọ̀. Awọ kan bíi dígí wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ó ń kó èékánná rẹ̀ sínú bí ó bá ń rìn. Igbe náà sì ni ti abo tí ń wá akọ, tí yóò ké fún ọjọ́ mélòó kan, tí yóò dákẹ́, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta bí kò bá rí akọ.

Ṣùgbọ́n àlàyé kì í lé ẹ̀rù lọ ní ọjọ́ kan. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ń gbé ilé ayálégbé, tàbí agbo ilé, kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ibẹ̀: "Ẹ̀yin ìyá wa, eku ti fẹ́ lé wa jáde. A fẹ́ mú ọmọ ológbò kan wọlé, kí ẹ má fòyà bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru." Bí ìyá àgbà bá fèsì pé, "Ọmọ mi, n kò fẹ́ ẹ nínú ilé yìí," kí a má mú un wá. Èyí kì í ṣe àìlajú. Ológbò tí a fi tipá mú wọ ilé, kùmọ̀ tàbí májèlé ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Májèlé tilẹ̀ nílò ìpàdé tirẹ̀. Bí yàrá kan bá ní ológbò, tí yàrá kejì sì ń da májèlé eku tàbí ọ̀tápíápíá mọ́ ẹja gbígbẹ, ológbò lè jẹ ẹja náà, ó sì lè jẹ eku tí ó ti jẹ ẹ́. Kí gbogbo ilé yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn ìfohùnṣọ̀kan ni a tó lè lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tí ológbò rẹ̀ bímọ. Kí a má gba ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, bí ó ti wù kí olówó rẹ̀ kánjú tó. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn tí a jọ bí i ni ó ti ń kọ́ bí a kì í ṣe é bunijẹ. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ 12, kí dókítà ẹran fún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Abo lè lóyún láti oṣù kẹrin, oyún rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gba àwọn ọmọ rẹ̀ kò jìnnà rárá. Yorùbá ti ń tẹ òbúkọ àti àgbò lọ́dàá tipẹ́. Kò sí èèwọ̀ nínú kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún ológbò, takọtabo. Yóò mú kí igbe òru dáwọ́ dúró pẹ̀lú. Iyanrìn tí yóò máa yàgbẹ́ sí, ẹlòmíràn ni kí ó máa kó o bí aláboyún bá wà nílé, nítorí àrùn kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ṣe ọlẹ̀ ní jàǹbá.

Ó sì ku ọjọ́ àìsínílé. Ẹni tí yóò máa fún un lẹ́ja àti omi nígbà tí gbogbo ilé bá re ìlú fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, kí a ti bá a sọ ọ́, kí ó sì ti gbà, kí a tó gbé agbọ̀n lọ gba ọmọ ológbò.