“Orí Mi Ń Gbóná”: Ohun Tí Fọ́ọ̀mù Dókítà Kò Bi Màmá Mi

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo bá màmá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà níbí ní London, kí n lè máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Wọn ò rí oorun sùn mọ́, wọn ò sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà mú fọ́ọ̀mù kan jáde tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan máa ń gba máàkì láti 0 dé 3.

“Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́?”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé kò sí ìrètí?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Máàkì wọn kéré, la bá lọ sílé. Inú ọkọ̀ ni Mọ́mì ti wá sọ pé, “Orí mi ń gbóná. Ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú ẹ̀. Àyà mi ń já.” Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ta ló bi mí?”

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo mọ̀ pé tí fọ́ọ̀mù ò bá ní àyè fún ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ò ní wọlé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ọdún 1952 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé DSM àkọ́kọ́ jáde, èyí tó to àwọn àìsàn ọpọlọ lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé náà wúlò gan-an. Òun ló ń jẹ́ kí dókítà ní Ìbàdàn àti dókítà ní Toronto lè fi orúkọ kan náà pe ohun kan náà, kí wọ́n sì mọ ìtọ́jú tó ti ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Àmọ́ kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ìsoríkọ́ hàn bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ mọ ibà. Ohun tí èèyàn bá sọ àti ohun tí dókítà bá rí ni wọ́n ń lò.

Àwọn orúkọ náà sì máa ń yí padà. Lọ́dún 1960, Dókítà Raymond Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ìwé ò wọlé sí lórí mọ́. Brain fag ni wọ́n ń pè é. DSM ti ọdún 1994 fún un ní àyè tirẹ̀. Ti ọdún 2013 ò fún un mọ́. Ṣé orí àwọn ọmọ náà ti wá tutù ni?

Nílé, ọdẹ orí ni àwọn àgbà ń pe ohun tó jọ èyí tí Mọ́mì ń sọ.

A padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Dókítà gbé fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?” Mọ́mì sọ̀rọ̀ títí, láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà wá pè é ní ìsoríkọ́.

Mọ́mì bínú. “Ṣé mo ya wèrè ni?” Àmọ́ orúkọ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún oògùn, àti fún ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń kọrin nínú kíṣìnnì.

Torí náà, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ má ju orúkọ tí dókítà bá fún yín nù. Àmọ́ kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ rí i pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òbí yín bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà pẹ̀lú: “ọkàn mi ò balẹ̀,” “àyà mi ń já,” “ó ti sú mi.” Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ní inú ń run òun, òun ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo jókòó tì í, mo bi í pé, “Ṣé inú nìkan ni?” Ó mi orí pé rárá.