Ọ̀sẹ̀ Kan Nílé Bàbá: Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Ayò àti Àlọ́

Ẹni tó bá mọ Bàbá mi dáadáa mọ̀ pé ìwé kì í jìnnà sí wọn. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àpótí ìwé wọn sì tóbi ju àpótí aṣọ wọn lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo gba ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan lóṣù tó kọjá, tí mo sì mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dání láti Èkó lọ sílé wa ní Ìbàdàn, ìwé ni mo fi ṣe ẹ̀bùn àbọ̀dé. Èrò mi ni pé kí ọmọ náà fi ọjọ́ méje gbáko gbọ́ Yorùbá, kí èmi náà sì rí nǹkan kọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. N kò mọ̀ pé àdììtú kan ti wà nílé tí ń retí wa.

Ọjọ́ Àìkú

Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, tí a sì jẹ àmàlà yó, mo fa ìwé Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ yọ nínú àpò. Ọdún 1969 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀dà tí Bàbá ní ti sọnù láti ìgbà tí ẹnì kan ti yá a tí kò dá a padà. Mo rò pé wọn yóò já a gbà lọ́wọ́ mi ni. Wọ́n gbà á lóòótọ́, wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì dá a padà fún mi.

Wọ́n ní, "Ìwọ ni kí o máa kà á sí wa létí. Ohùn rẹ mọ́ gaara."

Inú mi dùn. Ọmọ wo ni kò fẹ́ kí bàbá òun yin òun?

Ọjọ́ Ajé

A bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni akọni inú ìwé náà. Òun náà ni Òkédìjí tún mú padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn tó jáde ní ọdún 1971. Ohun tó mú mi fẹ́ràn òǹkọ̀wé yìí ni pé òwe, ẹ̀fẹ̀ àti èébú tó ń fi sẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí à ń gbọ́ lọ́jà àti ní ibùdókọ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yé ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sinmi.

"Bàbá àgbà, ta ni ọ̀daràn yẹn gan-an?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Má tètè máa wá ẹni tó ṣe é. Ohun tí ènìyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́ ni kí o máa ṣọ́. Ibẹ̀ ni àṣírí máa ń wà."

Ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé kékeré tó ń mú kiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Abẹ́ igi máńgòrò ni Bàbá ti kọ́ ọ ní ayò. Ọpọ́n ní ilé 12, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò 4 ni à ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tó kan láti ta yóò kó ọmọ inú ilé rẹ̀ kan, yóò sì máa pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri ọpọ́n. Bí èyí tó kẹ́yìn bá sọ ilé ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ nìyẹn. Ọ̀ta ni à ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí wọ́n ń jẹ.

Ọ̀ta ni Bàbá ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó ta, ìka wọn á kọ́kọ́ rìn yí ilé ká, á fọwọ́ kan èyí, á fọwọ́ kan tọ̀hún. Ìyá mi ní àgbà ti ń dé, ìṣọ́ra sì ti ń pọ̀. Ní ọpọ́n kẹta, ayò jíjẹ kan wà gbangba ní ìpẹ̀kun ọpọ́n lápá òsì, Bàbá kò sì jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá na ọ̀ta! Gbogbo wa hó yèè. Ọmọ náà nìkan ni kò hó. Ó tún ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́rú

Iná lọ lálẹ́, ó sì di dandan kí a pa àlọ́ àpamọ̀. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀: ìyá kan bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò, kí ni o?

Ọmọ náà ní àwọn ọmọge tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ni. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Iṣin ni ìdáhùn. Bí èso iṣin bá là, kóró dúdú rẹ̀ a máa dán bí ojú tí wọ́n lé tìróò sí.

Bàbá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé. Wọ́n ní àlọ́ àpamọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àwọn méjèèjì a máa gbé nǹkan kalẹ̀ síwájú ẹni, wọn a sì ní kí á wò ó dáadáa. Ìdáhùn kò sá lọ síbì kan. Àwa ni a kò wò ó ire.

Ọjọ́bọ̀

"Àlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ Ìjàpá ni Bàbá pa. Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè kan, ó fẹ́ fi pamọ́ sórí ọ̀pẹ. Ó so ó mọ́ àyà, kò sì rí igi gùn. Ọdẹ kan tó ń kọjá lọ bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ìjàpá wá rí i pé ọgbọ́n ṣì kù nílẹ̀ tí òun kò kó.

Nígbà tí àlọ́ parí, Bàbá dìde láti wọlé. Ẹsẹ̀ wọn kọ àpótí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lápá òsì, wọ́n sì fi orúnkún gúnlẹ̀. A sáré gbé wọn dìde.

"Ta ló gbé àpótí síbẹ̀?"

Ìyá mi ní, "Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀ kẹ̀."

Ọmọ náà sá sẹ́yìn mi, ó ṣí ìwé rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ti já a. Bàbá àgbà kì í kàwé mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wo ayò. Ohun tó wà níwájú wọn kì í gbé wọn ṣubú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ojú wọn ni."

Ilé pa rọ́rọ́. Ẹ̀rù bà mí pé Bàbá yóò bínú. Wọ́n jókòó, wọ́n sì fa ọmọ náà mọ́ra. "Ọdẹ ti kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ," ni wọ́n wí.

Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń fi pamọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwa ọmọ bá gbọ́, a ó kó wọn kúrò nílé wọn lọ sí Èkó. Ìyá mi sunkún. Ní tèmi, ojú ara mi tì mí. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń kàwé sí wọn létí, tí mò ń yọ̀ pé wọ́n yin ohùn mi.

Ọjọ́ Ẹtì

Ilé ìwòsàn ojú la jí lọ. Dókítà ní glaucoma ni. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, omi inú ojú ni kì í ráàyè ṣàn jáde bó ti yẹ, ìfúnpá inú ẹyinjú á wá ga, á sì máa ba iṣan tí ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Irú èyí tó wọ́pọ̀ kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì kọ́kọ́ ń kú. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń rò pé ojú òun dá ṣáká. Èyí tó ti bàjẹ́ kò ní padà, ṣùgbọ́n oògùn tí a ń kán sójú lójoojúmọ́ lè gba èyí tó kù là.

Dókítà kọjú sí mi. Ó ní àìsàn yìí a máa rìn nínú ẹbí, ó sì wọ́pọ̀ láàrin àwa adúláwọ̀. Kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ yẹ ojú wa wò. Mo ti ṣe tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ní in, ẹ má ṣe dúró de ìrora, nítorí ó lè má wá rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A kò parí ìwé náà. Ọmọ ni Bàbá ní kó kà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ó ka ọkọ́ tí à ń fi roko bí ẹni ń pe ọkọ ìyàwó, Bàbá sì tún un ṣe láìwo ìwé, torí etí wọn kò gbàgbé ohun tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

A ti padà sí Èkó báyìí, Bàbá sì wà nílé wọn. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọmọ náà a máa pe Ìbàdàn lórí fóònù mi kí ó tó ka ojú ìwé méjì sí Bàbá àgbà létí.

"Àlọ́ o!"

"Ààlọ̀! Mo ti kán an."