Ògiri tó ń mumi: kí ni àyẹ̀wò ilé abúlé ní England ń wá gan-an?

Àbá tí ìjọba Britain gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 lórí títà àti rírà ilé ti dé etí gbogbo ẹni tó ń wá ilé ní England. Wọ́n fẹ́ kí olùtà àti ajẹ́ntì rẹ̀ máa sọ ipò tí ilé wà kí oníbàárà tó dá owó lé e. Ìṣirò ìjọba ni pé èyí á gé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kúrò nínú wàhálà rírà ilé, á sì dín ìnáwó ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ kù ní £710. Inú mi dùn sí i dé ààyè kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fojú sí ilé àtijọ́ kan ní abúlé, yálà ní Devon, ní Suffolk, tàbí ní Kent tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní London ń ṣí lọ, kò gbọdọ̀ rò pé ìwé tí olùtà bá fún òun ti parí ọ̀rọ̀. Ilé tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta lórí ìdúró ní àìsàn tirẹ̀, omi ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kúrò lọ́nà. Sọ́fíyọ̀ tó ń ṣe àyẹ̀wò ilé tí à ń sọ níbí kì í ṣe èyí tó ń wọn ilẹ̀ tó sì ń ri òpó mọ́lẹ̀ bíi ti ilé wa. Ẹni tó ń yẹ ilé wò láti òrùlé dé ìpìlẹ̀ ni. Èyí tí báńkì bá sì rán wá nígbà tí ẹ bá ń yá owó ilé, báńkì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ohun tó wá wò ni bóyá owó báńkì yóò jáde padà lára ilé náà bí ẹ kò bá rí gbèsè san. Nígbà mìíràn, kò sí ẹni tó máa dé ibẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń díye lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sanwó ìdíyelé yìí tán, wọ́n á ní àwọn ti ṣe àyẹ̀wò ilé.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbàgbé. Ní ọdún 1980, obìnrin kan ra ilé kan ní Norwich ní £18,000. Kò gba sọ́fíyọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ tó yá a lówó rán lọ kọ ọ́ pé ilé náà kò nílò àtúnṣe gbòógì kankan. Bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ti wó apá ìsàlẹ̀ ṣímínì kúrò nínú yàrá, ó sì fi bíríkì tòkè sílẹ̀ láìsí ohun tó gbé e ró. Kò ju nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ lọ, bíríkì já wọ òkè àjà, ó gba ibẹ̀ já sí yàrá ibùsùn. Ọdún 1989 ni House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, dájọ́ pé adíyelé náà jẹ obìnrin yìí ní ojúṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó yá a lówó ló gbà á síṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi ẹjọ́ yìí fi ara wọn lọ́kàn balẹ̀. Lóòótọ́, ó ṣì dúró fún ilé tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n ra ilé àti ìgbà tí wọ́n dájọ́.

RICS, ẹgbẹ́ àwọn sọ́fíyọ̀, ti pín àyẹ̀wò ilé sí ìpele mẹ́ta láti oṣù kẹta ọdún 2021. Ìpele kìíní jẹ́ ìwòfìrí, ìkejì bá ilé tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ mu, ìkẹta ni ti ilé àtijọ́, ilé tí wọ́n ti tún ṣe léraléra, àti ilé tí ìkọ́lé rẹ̀ ṣàjèjì. Nínú ìpele kẹta, sọ́fíyọ̀ kò kàn ní í sọ pé nǹkan bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á, ohun tó lè yọrí sí, àti ọ̀nà àtúnṣe. Síbẹ̀, ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò ní í tú kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, kò ní í gbẹ́ ìpìlẹ̀, àkàbà rẹ̀ kì í sì í ju mítà mẹ́ta lọ. Nítorí náà, ibi tí agbára àyẹ̀wò náà wà ni òye tí sọ́fíyọ̀ ní láti ka àmì kékeré tó hàn síta, ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti ń dàrú.

Nínú ilé márùn-ún tó wà ní England, bí ọ̀kan ni wọ́n ti kọ́ ṣáájú ọdún 1919, irú wọn ló sì kún àwọn abúlé. Ògiri òde òní jẹ́ méjì tó dúró ti ara wọn tí àlàfo wà láàárín, kí òjò tó bá rin tìta má bàa dé inú. Ògiri àtijọ́ kò ní àlàfo. Òkúta, bíríkì, igi tàbí amọ̀ ni, ó nípọn, lime ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ: òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná, tí wọ́n bomi sí, tó wá ń fa carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ padà sára díẹ̀díẹ̀ títí tó fi le. Òjò máa ń wọ irú ògiri bẹ́ẹ̀ níwọ̀nba, kì í sì í ṣe àbùkù. Bí òjò bá dá tí atẹ́gùn sì fẹ́, omi náà á gba ara lime jáde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ògiri bẹ́ẹ̀ "ń mí", àwọn ènìyàn sì rò pé atẹ́gùn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Rárá o. Omi ló ń wọlé tó sì ń jáde, gbogbo ẹ̀kọ́ náà kò sì ju pé kí èyí tó ń jáde má kéré sí èyí tó ń wọlé.

Sìmẹ́ǹtì ló da ìṣirò yìí rú. Joseph Aspdin, bíríkìlà ará Leeds, gba ìwé àṣẹ lórí Portland cement ní ọdún 1824, nígbà tó sì fi máa di ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, sìmẹ́ǹtì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ lime pátápátá. Sìmẹ́ǹtì le, kì í tẹ̀. Ilé àtijọ́ sì ń sún díẹ̀díẹ̀ bí ooru àti òtútù ṣe ń pààrọ̀ ara wọn. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú sísán náà á máa fa òjò wọlé, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ tó kí omi inú rí ọ̀nà gbẹ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé àárín bíríkì ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí, ara bíríkì ni omi á máa gbà jáde, tí yìnyín ìgbà òtútù bá sì dé, ojú bíríkì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Igi ńlá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò á jẹrà láti inú, kòkòrò tó ń lu igi á sì sọ ọ́ di ilé.

Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ti rí irú rẹ̀: ilé alámọ̀ bàbá ńlá tí àwọn ọmọ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kó lè dára lójú, tí sìmẹ́ǹtì náà wú kúrò lára amọ̀, tó ń dún bí ohun tó ṣófo bí a bá fọwọ́ kàn án, tó wá já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan tòun ti amọ̀ lára.

Ní Devon, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àfiwé lásán, nítorí amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé abúlé níbẹ̀. Cob ni wọ́n ń pè é: amọ̀ pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí wọ́n fẹsẹ̀ gún pọ̀, tí wọ́n ń mọ ní ìpele-ìpele, tí ìpele kan ń gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Hayes Barton, nítòsí abúlé East Budleigh, níbi tí wọ́n ti bí gbajúmọ̀ arìnrìn-àjò òkun nì, Walter Raleigh, ní nǹkan bí ọdún 1552, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ṣì ń dúró. Àwọn ará Devon ní fìlà tó dára àti bàtà tó dára nìkan ni cob ń fẹ́: òrùlé tó yọ síta dáadáa lókè, àti òkúta tó gbé e kúrò nílẹ̀ nísàlẹ̀. Cob gbígbẹ lè ru òrùlé fún ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún. Bí ìdí rẹ̀ bá rin gbingbin, á rọ̀, ìwúwo tòkè á sì tẹ̀ ẹ́ jáde sí ẹ̀gbẹ́. Ó lè wó láìfi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀, pàápàá bí sìmẹ́ǹtì bá wà lóde tí bébà ògiri sì wà nínú, tí ẹnikẹ́ni kò rí ìdí ògiri náà mọ́.

Kí ni sọ́fíyọ̀ wá ń ṣe níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ á yọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì, á tì í bọ ògiri, iná á tàn pupa, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rinrin ti pọ̀ jù. Igi ni ẹ̀rọ náà wà fún. Ó ń wo bí iná mànàmáná ṣe ń rọrùn kọjá láàárín abẹ́rẹ́ méjèèjì, ó sì ń ṣírò omi láti ibẹ̀ bí ẹni pé igi ló wà níwájú rẹ̀. Lára ògiri, iyọ̀ tí omi ilẹ̀ gbé wá àti ẹ̀gbin èédú tó ti jó nínú ṣímínì fún ọ̀pọ̀ ọdún ń gbé iná mànàmáná kọjá bákan náà. Ògiri tó ti gbẹ lè tan pupa. Ẹ̀rọ yìí wúlò láti fi ibi tó yàtọ̀ sí ìyókù hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye omi tó wà nínú òkúta, áńbọ̀sì kó sọ ibi tí omi náà ti wá.

Ọ̀nà tó dájú wà. Wọ́n á lu ihò sínú ògiri, wọ́n á kó ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ìgò irin pẹ̀lú kábáàdì, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò nílé. Kábáàdì á bá omi inú ìyẹ̀fun náà jà, gáàsì á jáde, agbára gáàsì náà ló sì ń sọ iye omi. Àmọ́ lílu ihò sí ògiri ilé onílé kò sí nínú àyẹ̀wò lásán. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ olùtà, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ dípò ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Ìwé àyẹ̀wò á ní kí ẹ pe onímọ̀ ọ̀rinrin. Onímọ̀ náà á wá lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ó ń ta oògùn tí wọ́n ń fún sínú ògiri, á sì rí ibi tó nílò oògùn. Wọ́n á lu ihò lọ gbọọrọ, wọ́n á fún kẹ́míkà sí i, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú ilé dé nǹkan bíi mítà kan sókè. Nínú ògiri olókùúta tí kò dọ́gba, tàbí cob, kẹ́míkà náà kò lè di ìdènà kan tó so pọ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bẹ́ẹ̀ ohun tó fa omi lè jẹ́ gọ́tà òrùlé tó ti fọ́, tàbí ilẹ̀ ọgbà tó ti ga ju ilẹ̀ yàrá lọ láti ọdún pípẹ́, tàbí kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ yàrá tó ń ti ọ̀rinrin abẹ́ rẹ̀ sára ògiri. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ mọ́ínmọ́ín tó ń hó lórí iná látàárọ̀ nígbà tí gbogbo fèrèsé wà ní títì.

Ṣé omi ń gun ògiri láti inú ilẹ̀ lóòótọ́? Ìjà ńlá wà lórí èyí. Jeff Howell, bíríkìlà tó di olùkọ́, kọ odidi ìwé kan, The Rising Damp Myth, láti sọ pé ìtàn lásán ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ohun tí sáyẹ́ǹsì ti mọ̀ dájú ni pé omi máa ń gun ihò tín-ín-rín. Lójú tèmi, ó wà, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń ta oògùn rẹ̀ tó. Ohun tó fún mi nígboyà láti sọ bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí RICS, Historic England (àjọ tó ń bójú tó ilé àtijọ́) àti Property Care Association jọ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí wọ́n yẹ ilé wò lódindi, kí wọ́n sì mọ orísun omi kí ẹnikẹ́ni tó dábàá àtúnṣe. Ẹgbẹ́ kẹta yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rinrin fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àbá ìjọba. Kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ọdún 2007, England àti Wales bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú olùtà láti pèsè àpò ìwé nípa ilé, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ̀ranyàn kúrò lórí apá tó yẹ kó sọ ipò ilé kó tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba tuntun sì dá gbogbo rẹ̀ dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2010. Scotland ṣe tiwọn ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní: olùtà ló ń sanwó, sọ́fíyọ̀ ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ tó ìpele kẹta. Bí England bá ṣe irú rẹ̀, mo rò pé yóò dín iye oníbàárà tó ń yí padà lójijì kù. Mi ò rò pé yóò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó wà nídìí ògiri amọ̀ tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta.

Ìpele kẹta fún ilé àtijọ́ ńlá lè tó £1,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó san án, ẹ bi sọ́fíyọ̀ náà léèrè bóyá ó ti yẹ irú ògiri yẹn gan-an wò rí, cob bó bá jẹ́ cob, igi bó bá jẹ́ igi. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ẹ fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Bí ìwé rẹ̀ bá sì dé tí ó ní kí ẹ pe onímọ̀ ọ̀rinrin, ẹ wádìí ohun tí onímọ̀ náà ń tà kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un.